Láti Òkè-Àfà dé Geneva: Ta Ni Olórí Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ẹni tó bá gba Ìsọlọ̀ lọ sí Èjìgbò, tó dé Òkè-Àfà, kò lè ṣàì gbọ́ nípa ibi tí wọ́n sin àwọn òkú ọdún 2002 sí. Tó bá ti di 27 oṣù Kìíní lọ́dọọdún, àwọn ẹbí a máa lọ síbẹ̀ lọ gbé òdòdó kalẹ̀. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sunkún díẹ̀, wọ́n á sì tún bi ìjọba ní ìbéèrè tí wọ́n ti ń bi í bọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìjàm̀bá náà ti dàgbà, wọ́n ti ń dìbò. Nítorí tiwọn, ó yẹ kí n tún ìtàn náà sọ ní ṣókí.

Ọjọ́ Àìkú ni. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, iná kan ràn dé ilé tí àwọn ọmọ ogun kó ohun ìjà pamọ́ sí nínú bárékè Ìkẹjà. Bọ́ǹbù àti ọta ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù, ó sì ń bá a lọ wọ òru. Fèrèsé ń fọ́ ní àdúgbò tí kò sún mọ́ bárékè rárá. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún ará ìlú. Àwọn kan ní ṣọ́jà tún fẹ́ gbàjọba ni, àwọn mìíràn ní ogun ló dé. Tọmọdé tàgbà tú síta ní Òṣòdì, ní Mafolúkù, ní Ìsọlọ̀, oníkálukú ń sá lọ síbi tí ariwo náà kò ti ní í lè bá a mọ́. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti kan kánáàlì Òkè-Àfà. Ewéko ti bo ojú omi náà, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ṣe bí ilẹ̀ ni. Àwọn tó ṣáájú rì, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀, wọ́n ń tì wọ́n síwájú. Òkú tí wọ́n rí kó jọ lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn.

Ohun tí àwọn olórí sọ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò, nítorí àwọn méjì ló sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì jọra.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun tó ń ṣàkóso bárékè náà, Brigadier-General George Emdin, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó tọrọ àforíjì lórúkọ àwọn ológun. Ó ní wọ́n ti ń gbìyànjú láti tún ilé ìkóhun-ìjà-sí náà ṣe, ṣùgbọ́n ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀ kí àwọn aláṣẹ òkè tó ṣe ohun tó yẹ. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn. Ní ọjọ́ kejì, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wá sí bárékè fúnra rẹ̀. Èrò pé lé e lórí, wọ́n ń pariwo, wọ́n fẹ́ kó wá wo ohun tó ṣe wọ́n. Ìròyìn ọjọ́ náà sọ pé ṣe ni Ààrẹ ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́, ó ní kò pọn dandan kí òun wá síbẹ̀, torí gómìnà ìpínlẹ̀ náà ti wà níbẹ̀. Bọ́lá Tinúbú ni gómìnà nígbà náà. Ọ̀rọ̀ yìí ká gbogbo Èkó kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Nígbà tó yá, Ọbásanjọ́ ṣàlàyé pé lásìkò tí òun ń sọ̀rọ̀, òun kò tíì mọ̀ pé ẹ̀mí ti ṣòfò.

Àwa Yorùbá ní ohun tí a fi ń wọn irú ọ̀rọ̀ báyìí, kò kàn jẹ́ ohun tí a kọ sínú ìwé ni. Ẹ wo bí a ṣe ń kí ọlọ́fọ̀. Ohun tí a máa sọ fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ gbó kó tó kú kọ́ la máa sọ fún ìyá tó sin ọmọ ọwọ́. A lè kí ti àkọ́kọ́ pé ẹ̀yìn bàbá á dára, kí a sì béèrè ìgbà tí ìsìnkú máa wáyé. Ìyá ọmọ ọwọ́ ńkọ́? A ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹni tó bá ṣe àṣìkí, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tó dùn ló sọ, wọ́n á ní kò mọ ẹni tó kú. Ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀ kì í sì í sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Kì í ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ló dá òun dúró ní Òṣòdì, kì í ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ó wọlé, ó jókòó, ó lè dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó lanu. Tó bá wá lọ jẹ́ pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ wà nínú ohun tó pa òkú, tó jẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ló gbá ọmọ náà, ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ ṣe láéláé: kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà sílé aládùúgbò lọ ṣàlàyé pé ẹ má tíì dá mi lẹ́bi, kó tó wọlé tọ ìyá ọmọ lọ. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, àlàyé rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ pátá, wọn ò ní í gbàgbé rẹ̀ fún un.

Tí a bá fi èyí wọn ọ̀rọ̀ Emdin, ó yè dé ìwọ̀n kan. Ó yára dé. Kò sọ pé iná kan ló ràn, bíi pé iná ní ẹsẹ̀ tó fi rìn. Ó dárúkọ àwọn ológun, ó sì tọrọ àforíjì lórúkọ wọn. Èyí tó tún wú mi lórí ni pé ó jẹ́wọ́ ohun tí ẹnì kankan kò tíì bi í: wọ́n mọ̀ pé ilé náà kò dára. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ kò ní í sọ ìyẹn. Ó ti fún ará ìlú ní okùn tí wọ́n lè fi mú ìjọba dè.

Ti Ọbásanjọ́ ńkọ́? A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yìn ín pé ó wá. Àwọn olórí wà tí kì í wá rárá. Àlàyé tó ṣe lẹ́yìn náà sì lè jẹ́ òótọ́: àárọ̀ ọjọ́ kejì ni, wọ́n ṣì ń rí òkú nínú omi lọ́wọ́, ìròyìn kò sì tíì délé tán. Ṣùgbọ́n ibi tí àlàyé náà ti já nìyí. Àwọn tó ń pariwo yẹn mọ̀. Òbí tó ti wá ọmọ rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ wà láàárín wọn. Tó bá gbà kí wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ì bá ti gbọ́ ohun tí àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́. Ẹni tó ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ìròyìn tó padà ní òun kò gbọ́.

Kì í sì í ṣe pé ọkùnrin yìí kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ní 1986, òun àti Malcolm Fraser ti Ọsirélíà ló jọ ṣe alága ikọ̀ tí Commonwealth rán sí South Africa láti bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà sọ̀rọ̀, ó sì rí Nelson Mandela lọ́gbà ẹ̀wọ̀n nígbà náà. Ní oṣù Kẹjọ 2003, ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn Òkè-Àfà, òun ló fún Charles Taylor ní ibùgbé ní Calabar kí ogun Làìbéríà lè rọlẹ̀. Ẹnu tó ń pẹ̀tù síjà láàárín àwọn àjèjì ni, ẹnu yìí kan náà ló ní kí ará Ìkẹjà panu mọ́. Ilé la ti í kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde ni àwọn àgbà wí; ọ̀pọ̀ olórí wa, ìta nìkan ni wọ́n ń kẹ́ṣọ̀ọ́ sí.

Ọdún 18 lẹ́yìn Òkè-Àfà ni ti 2020 dé. Àwọn ọ̀dọ́ tú síta lórí ọ̀rọ̀ SARS, ọlọ́pàá tó ń fìyà jẹ wọ́n. Ìjọba tú SARS ká ní 11 oṣù Kẹwàá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá ibẹ̀. Ní alẹ́ 20 oṣù náà ni ìbọn dún ní ibodè Lẹ́kí. Ní ọjọ́ kejì, iná gba Èkó kan: wọ́n sun bọ́ọ̀sì BRT ní Òyìngbò, wọ́n kọlu Ìgá Ìdúngánràn, wọ́n kọlu ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn The Nation ní Mátòrí, tí kò jìnnà sí wa ní Òṣòdì. Kónílé-ó-gbélé dé. Láti Ṣógunlẹ̀ dé Òkòtà, gbogbo èèyàn ló ń retí kí Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ̀rọ̀.

Ó sọ ọ́ ní aago méje alẹ́ Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù Kẹwàá. Ó ní ẹ̀mí ti ṣòfò. Ó mẹ́nu ba ọgbà ẹ̀wọ̀n méjì tí wọ́n fọ́, ó mẹ́nu ba ààfin Ọba Èkó, ó mẹ́nu ba pápákọ̀ òfurufú tí àwọn tó pe ara wọn ní olùfẹ̀hónúhàn wọ̀, tí wọ́n sì da ìrìnàjò àwọn èèyàn rú. Ó ka àwọn ètò tí ìjọba rẹ̀ ṣe fáwọn ọ̀dọ́: TraderMoni, FarmerMoni, N-Power. Ó wá kọjú sí àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá àti gbogbo àgbáyé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì rọ̀ wọ́n kí wọ́n mọ gbogbo òótọ́ tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dájọ́. Lẹ́kí? Kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Fún àwa tí ọ̀nà pápákọ̀ gba àárín àdúgbò wa kọjá, ohun ìyàlẹ́nu ni pé ibi tí ọkọ̀ òfurufú ti ń gbéra rí ojúure, ibi tí wọ́n ti yìnbọn kò rí.

Àwọn tó gbèjà rẹ̀ ní agbẹjọ́rò ló kìlọ̀ fún un, pé ìwádìí kò tíì bẹ̀rẹ̀, pé ohun tí Ààrẹ bá sọ lè di ẹ̀rí. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n dídárúkọ ibì kan kì í ṣe dídárúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó lè sọ pé, "Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kí, mo bá ẹni tó fara gbọgbẹ́ kẹ́dùn, a ó wádìí rẹ̀," kó sì dúró síbẹ̀. Kò sí ilé ẹjọ́ tó máa fi ìyẹn mú un. Ẹ sì wo ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀, èyí tí Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi darí, fi àbọ̀ rẹ̀ jíṣẹ́ ní 15 oṣù Kọkànlá 2021. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà pe ọ̀rọ̀ Lẹ́kí ni ìpakúpa, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní òun kò gbà. Ibi tí olórí kò fẹ́ dárúkọ ní 2020, ìjà lórí orúkọ rẹ̀ kò tíì parí lẹ́yìn ọdún kan.

Ọ̀rọ̀ tó bá àgbáyé sọ yẹn kò burú fúnra rẹ̀. Nígbà tí orílẹ̀-èdè kan bá ń jó, àwọn àjèjì náà ń gbọ́. Àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè tó wà ní Àbújá ń kọ ìwé ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó yá wa lówó ń gbọ́, ẹni tó fẹ́ wá dáṣẹ́ sílẹ̀ ń gbọ́. Nínú èdè àwọn ikọ̀ orílẹ̀-èdè, "ẹ dúró kí ẹ mọ òótọ́" túmọ̀ sí pé ẹ má tíì fi òfin dè wá, ẹ má tíì pe aṣojú wa wá bá wí. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń sọ ọ́. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà wà, fóònù wà. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ọlọ́fọ̀ ló jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ààrẹ yà sílé aládùúgbò kó tó wọlé tọ ìyá ọmọ.

Ṣé ó wá ṣeé ṣe kí olórí bá àjèjì sọ̀rọ̀ nígbà wàhálà, kó má sì gbàgbé àwọn ará ilé? Ó ṣeé ṣe. Ẹnì kan ṣe é ní Geneva, nílẹ̀ Switzerland, ní 30 oṣù Kẹfà 1936.

Orúkọ Haile Selassie kò ṣàjèjì ní Òṣòdì. Ẹni tó bá gbọ́ orin Bob Marley tí wọ́n ń pè ní "War", tó jáde ní 1976, ọ̀rọ̀ tí ọba Ethiópíà yìí sọ ní New York ní 1963 ló gbọ́, orin ni wọ́n kàn sọ ọ́ dà. Ṣùgbọ́n ti Geneva ló le jù, òun náà ni àwọn tó mọrin yẹn kì í sáábà mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó gbé ọba débẹ̀. Ítálì ti fẹ́ fi Ethiópíà ṣe ilẹ̀ àmúsìn láti ayé àtijọ́, àwọn ará Ethiópíà sì ṣẹ́gun wọn ní Adwa ní 1896, ìṣẹ́gun tí ìròyìn rẹ̀ mú orí àwọn aláwọ̀ dúdú wú káàkiri ayé. Ní oṣù Kẹwàá 1935, Mussolini padà wá pẹ̀lú ọkọ̀ òfurufú àti èéfín olóró. Ethiópíà ní ìdí láti rò pé ẹnì kan máa gbà á. Ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ League of Nations, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè dá sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, tí wọ́n sì jọ búra níbẹ̀ pé ẹni tó bá kọlu ẹnì kan nínú àwọn, gbogbo àwọn ló kọlù. Ítálì pàápàá wà nínú rẹ̀. Àjọ náà fi òfin de Ítálì ní ti òwò, ṣùgbọ́n wọ́n yọ epo rọ̀bì kúrò nínú ohun tí wọn ò gbọdọ̀ tà fún un, wọn ò sì ti Suez Canal tí ọkọ̀ ogun rẹ̀ ń gbà kọjá. Ogun láìsí epo kò ṣeé jà. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń bẹ̀rù Hitler, wọn ò fẹ́ kí Mussolini bá wọn ṣọ̀tá.

Ọba fúnra rẹ̀ jagun ní Maychew ní òpin oṣù Kẹta 1936, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ní 2 oṣù Karùn-ún ó wọ ọkọ̀ ojú irin kúrò ní Addis Ababa. Ọjọ́ kẹta sí i, ọmọ ogun Ítálì wọ ìlú. Yorùbá tó bá ń ka èyí á ti máa mi orí: ọba ń fi ìlú sílẹ̀ lójú ogun? Àwọn kan nínú àwọn ìjòyè rẹ̀ náà béèrè bẹ́ẹ̀, ẹ̀gàn náà kò sì fi í sílẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Mo fi í síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni mímọ́ ni mo ń ròyìn rẹ̀.

Nígbà tó dìde ní Geneva, níwájú àpéjọ League of Nations, àwọn akọ̀ròyìn Ítálì tó jókòó sí òkè gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, wọ́n ń pariwo èébú. Aṣojú Rùmáníà, Nicolae Titulescu, fò dìde, ó ní kí wọ́n lé àwọn ẹhànnà yẹn síta. Ọlọ́pàá kó wọn jáde. Gbogbo àkókò yẹn, ọba dúró, kò dá wọn lóhùn. Ó gbọ́ èdè Faransé dáadáa, èdè tí ọ̀pọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà gbọ́, ṣùgbọ́n Amharic, èdè ilé rẹ̀, ló fi sọ̀rọ̀, àwọn ògbufọ̀ sì ń tú u. Ó sọ fún wọn pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, kí olórí orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ wá dúró níwájú àpéjọ yẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí bó ṣe tò ó. Kò tètè dé ibi owó tàbí ohun ìjà. Ó kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe pa àwọn èèyàn rẹ̀. Ó dárúkọ ibẹ̀: nígbà ìjà Makalle ni. Ó sọ irinṣẹ́ tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ òfurufú láti máa fọ́n olóró bí òjò. Ó ka iye ọkọ̀ òfurufú tó ń tẹ̀ léra wọn, 9, 15, 18, tí èéfín wọn so pọ̀ di ẹyọ kan. Ó ní kì í ṣe jagunjagun nìkan ló bà lé: obìnrin, ọmọdé, màlúù, odò, adágún, pápá tí ẹran ń jẹ. Ẹni tó gbọ́ ọ mọ ohun tó kú, ó mọ ibi tó kú sí, ó mọ ẹni tó pa á. Lẹ́yìn èyí ló tó yí sí àwọn tó ń gbọ́. Ó rán wọn létí pé orílẹ̀-èdè 52 ló ṣèlérí fún òun ní oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá pé ẹni tó kọluni kò ní í borí. Kò bú wọn. Ó kàn dá ìlérí wọn padà fún wọn kí wọ́n tún un wò. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Ethiópíà nìkan, pé tí àdéhùn bá ń ṣiṣẹ́ kìkì ìgbà tó bá wu alágbára, orílẹ̀-èdè kékeré kankan kò ní ààbò mọ́.

Ní ìparí, ó béèrè èsì tí òun máa mú padà lọ fún àwọn èèyàn òun.

Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń wọn gbogbo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Ó dúró níwájú àjèjì, nínú ilẹ̀ àjèjì, lẹ́yìn tí ìlú ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó máa jábọ̀ fún ni ará ilé. Àwọn tó wà ní Geneva ló ń bá sọ̀rọ̀, àwọn tó kú ní Makalle ló ń sọ̀rọ̀ nítorí wọn, àwọn tó ṣẹ́ kù ló sì ń dúró de èsì. Ilé ọlọ́fọ̀ ló ti wá bá aládùúgbò.

Èsì wo ni wọ́n wá fún un? Ní 4 oṣù Keje, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, àpéjọ náà dìbò pé kí wọ́n mú òfin kúrò lórí Ítálì. Ní 15 oṣù náà ó ti tán. Ọba lọ ń gbé ní Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòun ti òtútù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tó wà ní London, ẹgbẹ́ WASU tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ dá sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1925, wà lára àwọn tó gbèjà Ethiópíà, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ọmọ ogun. Ẹni tó bá fẹ́ fi èrè nìkan díwọ̀n ọ̀rọ̀ á ní ọ̀rọ̀ Geneva jákulẹ̀. Èmi ò gbà. Àwọn tó gbọ́ ọ ló jákulẹ̀, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó ṣe é. Nígbà tí ogun Hitler dé bá wọn ní 1939, kò sẹ́ni tó lè ní wọn kò kìlọ̀ fún òun. Ọba wọ Addis Ababa padà ní 5 oṣù Karùn-ún 1941, ọdún márùn-ún géérégé sí ọjọ́ tí ìlú ṣubú.

Ì bá dùn mọ́ mi kí n dúró síbí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ yìí lo ọdún 33 sí i lórí oyè lẹ́yìn tó padà, ohun tó ṣe ní òpin rẹ̀ sì kan ọ̀rọ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1973, ìyàn mú ní Wollo, ní àríwá Ethiópíà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni ebi pa. Ìjọba rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, àwọn olórí Áfíríkà pé jọ sí Addis Ababa láti ṣe àyẹyẹ ọdún 10 àjọ wọn, OAU, wọ́n sì fi Yakubu Gowon tiwa ṣe alága. Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ọ̀rọ̀ Wollo kò jáde fáráyé gbọ́ dáadáa àfi nígbà tí akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Jonathan Dimbleby, gbé fíìmù rẹ̀ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kẹwàá. Ní alẹ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 1974, àwọn ológun gbé fíìmù náà sí tẹlifíṣọ̀n Ethiópíà, wọ́n fi àwòrán àsè ààfin há a láàárín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n yọ ọba lóyè, Volkswagen kékeré kan ni wọ́n fi gbé e lọ.

Ẹni tó ka iye ọkọ̀ òfurufú tó pa èèyàn rẹ̀ fún gbogbo àgbáyé ní 1936, kò ka òkú Wollo fún ẹnikẹ́ni ní 1973. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro mọ̀. Ní Geneva, ẹlòmíràn ló pa wọ́n. Ní Wollo, ìjọba tirẹ̀ ni wọ́n máa bi léèrè. Ibẹ̀ ni Ọbásanjọ́ ti ṣubú ní Ìkẹjà, ibẹ̀ ni Buhari ti ṣubú ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ó rọrùn fún olórí láti bá àjèjì wí lórí òkú tí àjèjì pa. Èyí tó kú nínú bárékè tirẹ̀, níwájú ìbọn àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, nínú ìyàn tí ìjọba tirẹ̀ fi pamọ́, òun ni ahọ́n kì í fẹ́ yí sí. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ Emdin, tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé, ga ju ti Ààrẹ méjèèjì lọ. Ọ̀rọ̀ ológun lásán ni, kò ní ẹwà kankan, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ lórí òkú tí àwọn tirẹ̀ ṣe okùnfà rẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, ẹ jẹ́ kí ìjọba fún àwọn ẹbí lówó, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀. Owó náà ṣe pàtàkì, àwọn ẹbí Òkè-Àfà sì ń sọ ọ́ lọ́dọọdún pé ìlérí tí wọ́n ṣe fún àwọn kò délẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n kò rọrùn láti sá fún ẹni tí a bá dárúkọ rẹ̀ nígbà tí a ń ṣe ìlérí. Èyí tí olórí kò dárúkọ ló máa ń rọrùn láti sá fún.

Àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ fún àwọn olórí wa ní Àbújá àti ní Aláúsá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀. Wàhálà mìíràn máa dé, ẹ ó sì tún jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yín ní òru. Ẹ kọ orúkọ ibi tí èèyàn kú sí sínú ìlà àkọ́kọ́. Ẹ kọ ohun tí ìjọba ṣe tàbí tí kò ṣe tẹ̀ lé e. Ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún àgbáyé, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn nínú lẹ́tà.